Zulaihat Olùtọ́jú Iyùn Ààyè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí làákàyè ṣe ń fi ènìyàn sílẹ̀ nígbà tí owó oṣù rẹ̀ bá gbéra sókè díẹ̀, ẹ wá sí ilé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, kí ẹ wo ohun tí Richard Ọláoyè gbé kalẹ̀ sí pálọ̀ rẹ̀. Ilé alájà kan ni, fúláàtì mẹ́rin. Èmi Cecilia Ṣódípẹ̀, tí mo ni ilé, ń gbé lókè. Richard àti Hope ìyàwó rẹ̀ wà nísàlẹ̀ mi gan-an. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra ilẹ̀ ní Ìgàndó, òun ra òkun. Àpótí dígí kan báyìí tó gùn tó bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, omi iyọ̀ kún inú rẹ̀, iná aláwọ̀ búlúù ń tàn lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí iná ìjọba bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ á máa pariwo lábẹ́ fèrèsé mi, nítorí omi náà kò gbọdọ̀ dúró sójú kan.

Inú omi yẹn ni iyùn wà. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi, mo rò pé iyùn ọrùn ló ń sọ, irú èyí tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun ẹlẹ́mìí ni iyùn, pé ó ń jẹun, ó ń bí sí i, ó sì ń kú. Òótọ́ ni, mo kà á lẹ́yìn náà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó rí bí olú ńlá tó hù lára igi, ọwọ́ wẹ́wẹ́ bí irun bo orí rẹ̀, wọ́n sì ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí omi bá ṣe ń gbá wọn. Òmíràn jọ ọpọlọ màlúù lórí àtẹ alápatà. Mi ò ní purọ́, wọ́n lẹ́wà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Richard ò mọ nǹkan kan nípa wọn ju orúkọ òyìnbó tó ń pè fún àlejò lọ. Zulaihat ló mọ̀ wọ́n.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Zulaihat, ó tó ẹni ọdún márùndínlógójì, Ṣáṣá ló ń gbé. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ nílé ọkùnrin kan ní Akówonjo. Ọkùnrin náà rìnrìn àjò fún oṣù mẹ́ta, ó ní kó kàn máa ju oúnjẹ sínú àpótí òun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ̀rọ tó ń mú omi náà yí po jóná. Ẹlòmíràn ì bá fi ránṣẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ti kú, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Zulaihat fi ife bu omi náà sókè, ó ń dà á padà, ó ń bù, ó ń dà, títí wọ́n fi rí ẹ̀rọ mìíràn rà. Nígbà tí ọkùnrin náà fi dé, iyùn méjì ti di mẹ́ta. Ibẹ̀ ló ti di oníṣẹ́. Ó ń wo fídíò lórí fóònù, ó ń béèrè, ohun tí kò yé e ló ń kọ sílẹ̀ sínú ìwé ọmọ iléèwé kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣẹlẹ̀, àpótí márùn-ún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, láti Ìpájà títí dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọjọ́rú àti Sátidé ló máa ń wá. Á ká apá híjáàbù rẹ̀ dé ìgúnpá, á fi rọ́bà dè é, á jókòó síwájú dígí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó ń wo èyí tó ṣí, ó ń wo èyí tó pa dé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ilé náà, kò sí ohun tí a mọ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló fún Richard. Ooru ń fa omi àpótí náà lọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a lọ. Nítorí náà omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n gbọdọ̀ fi dí i, kì í sì í ṣe omi ẹ̀rọ ilé. Zulaihat fúnra rẹ̀ ń sẹ́ omi náà nílé rẹ̀, ó ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń gbé e wá. Ó kọ òfin náà sórí páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí ní lẹ́tà gàdàgbà. Ọ̀gá tó kàwé gboyè ló sì kọ ọ́ fún o.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, àìsàn dé. Iyùn tó rí bí olú yẹn kó gbogbo ọwọ́ rẹ̀ wọlé, ó di kùkùté. Zulaihat ní ká fara balẹ̀, pé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá fẹ́ bọ́ awọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò ṣí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ara rẹ̀ ti ń já wálẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, èyí tó jọ ọpọlọ náà sì ti sún kì títí eegun funfun fi yọ létí rẹ̀.

Ìgbà náà làwọn ọlọ́gbọ́n dé. Richard wà nínú gúrúùpù Wọ́sáàpù kan, àwọn tó ń sin iyùn nílé káàkiri Èkó, wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn. Kí ọbẹ̀ tó hó lórí iná, ogún ènìyàn ti sọ ohun tó ń ṣe iyùn. Ẹnìkan ní ooru ni, ẹnìkan ní iná ti pọ̀ jù, òmíràn ní ebi ni. Ẹnìkan tí kò rí ju fọ́tò kan ṣoṣo lọ ní kòkòrò ni, ó dárúkọ kòkòrò náà, ó tún kọ oògùn rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, mi ò rí kíláàsì tó burú tó báyìí rí.

Èyí tó tiẹ̀ wá fúnra rẹ̀ ni Fisáyọ̀, ọmọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà iyùn. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ya iyùn sí láyà. Ó kọ́kọ́ ya fọ́tò ara rẹ̀ pẹ̀lú àpótí kó tó wo inú àpótí. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan dígí, ó ní iná ló pọ̀ jù, ó sì dín in kù. Kò pẹ́, ó ní rárá, ìdọ̀tí ni, ó bá da oògùn búlúù kan sí i. Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bá Richard sọ̀rọ̀, kò mọ̀ pé mo wà lórí àtẹ̀gùn.

"Bọ̀dá mi, obìnrin tó ń bá yín tọ́jú ẹ̀ yẹn, ṣé ó tiẹ̀ kàwé ṣá?"

Dókítà tí kò mọ àrùn, ó mọ ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi.

Ohun tí Richard ń wá náà nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé fọ́tò Zulaihat sínú gúrúùpù, ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ní obìnrin yìí ló pa iyùn òun, kí gbogbo ènìyàn ṣọ́ra. Iṣẹ́ Zulaihat kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní pátákó. Orúkọ nìkan ló ní. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ẹni méjì nínú àwọn márùn-ún tó ń tọ́jú àpótí wọn ti ní kó má wá mọ́.

Ó dé ní Sátidé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Richard ò jẹ́ kó kọjá ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ìwọ lo pa wọ́n," Richard wí. "Mo sì ti sọ fún gbogbo ayé."

"Ọ̀gá, mi ò pa wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di Sátidé tó ń bọ̀. Tí mi ò bá rí ohun tó ń ṣe wọ́n, màá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ pátápátá."

"Kí lo fẹ́ rí tí Fisáyọ̀ ò rí?"

"Mi ò tíì mọ̀, sà. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi fẹ́ wò ó."

Hope ló bá a bẹ̀ ẹ́ tó fi gbà. Láti ọjọ́ náà ni Zulaihat ti ń wá lójoojúmọ́. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Àwọn tó kù ń wo ewé, Zulaihat ń wá gbòǹgbò. Ó wọn iyọ̀, iyọ̀ pé. Ó wọn ooru, ooru ò pọ̀. Ó kán oògùn àyẹ̀wò sínú omi nínú ìgò kékeré, àwọ̀ rẹ̀ jáde bó ṣe yẹ. Ó béèrè lọ́wọ́ Hope bóyá wọ́n ń fín fílíìtì ẹ̀fọn nínú pálọ̀, Hope ní àwọn ti jáwọ́ nínú ẹ̀ tipẹ́. Ó tú ìwé rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń wá ọjọ́ tí olú náà kọ́kọ́ pa dé. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní ni.

Lọ́jọ́rú ló rí kẹ́ẹ̀gì. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àtojúbọ̀ ló gbé mi sọ̀kalẹ̀, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tó gbé wá láti oṣù tó kọjá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, wọ́n kún dẹ́nu, kò sẹ́ni tó tú ọ̀rá tó fi so ẹnu wọn. Aláǹtakùn ti ta sí méjì nínú wọn.

"Ọ̀gá, omi wo lẹ fi ń dí i?"

"Omi kẹ́ẹ̀gì tó o gbé wá náà ni, àbí omi wo?" Ó purọ́ náà gbọn-in, bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò.

Hope kọjú sí i láti ìdí sítóòfù. "Richard, sọ òótọ́ jàre. Omi ẹ̀rọ ni. Ṣebí o ní kẹ́ẹ̀gì wúwo, pé ẹ̀yìn ń dùn ẹ́."

"Kí ló ṣe omi ẹ̀rọ? Ó mọ́ ju ti inú ọ̀rá lọ báyìí," Richard dáhùn.

Zulaihat ò bá a jiyàn. Ó mú ife, ó bu omi ẹ̀rọ, ó gbé e sókè sójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó fi ahọ́n gbé e yíká, ó tu ú dànù. Ojú rẹ̀ fún díẹ̀, bí ẹni jẹ ọsàn kíkan.

"Àǹtí, ìgbà wo lomi ilé yìí ti mọ́ báyìí?" ó bi Hope.

"Lẹ́yìn ọdún tuntun ni. Pupa ló máa ń yọ tẹ́lẹ̀ bíi tíì."

Mo mọ ohun tó fà á. Gbogbo ẹni tó bá ń gbé apá ọ̀dọ̀ wa ló mọ irú omi tó ń ti inú ilẹ̀ wá, omi ìpẹtà. Àwọn ayálégbé ń ráhùn pé ó ń ba aṣọ funfun àwọn jẹ́. Mo bá ra álọ́ọ̀mù, òkúta funfun yẹn tí wọ́n fi ń mú omi tòrò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sínú táǹkì omi ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bákónì mi. Mi ò wọ̀n ọ́n. Mò ń jù ú sí i bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Nígbà tí omi mọ́, gbogbo ilé ń kí mi, wọ́n ní olùkọ́ ni olùkọ́ ń jẹ́. Mo wá ń fi kún un kí ìyìn náà má baà tán. Mo dúró ní kíṣìnì Richard lọ́jọ́ yẹn, mo wo ife omi yẹn, mo sì ní mo fẹ́ lọ gbé ẹ̀wà mi kúrò lórí iná. Mi ò gbé ẹ̀wà kankan kaná.

Zulaihat bá mi lókè. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ṣé ẹ̀ ń da nǹkan sínú táǹkì ni?"

"Zulaihat, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí o. Kí ni mo máa dà sínú táǹkì?"

"Mi ò bá yín fa nǹkan kan, mà. Kí lẹ fi ń fọ ìgbín tẹ́ ẹ bá fẹ́ sè é?"

"Álọ́ọ̀mù."

"Kí ló ń ṣe lára ẹ̀?"

"Ó ń bó ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ kúrò."

"Ara iyùn náà ń yọ̀ bíi ti ìgbín, mà. Ohun tó ń yọ̀ yẹn laṣọ ẹ̀. Tó bá ti bó o, kò lè pẹ́."

Ó yọ ìgò jáàmù méjì jáde látinú báàgì rẹ̀, ó gbé wọn ka orí tábìlì mi. Ẹyọ kékeré kọ̀ọ̀kan lára olú náà wà nínú wọn, ibi tí kò tíì bàjẹ́. Iyọ̀ kan náà ló fi sínú méjèèjì. Omi kẹ́ẹ̀gì ló fi pò ó nínú ọ̀kan, omi ilé mi ló fi pò ó nínú èkejì. Ó ní kí n jọ̀wọ́ bá òun jókòó tì í. A jókòó láti aago méjìlá ọ̀sán. Nígbà tó fi di aago mẹ́rin, ẹyọ tó wà nínú omi kẹ́ẹ̀gì ti na ọwọ́ wẹ́wẹ́ díẹ̀ jáde. Èkejì ṣù pọ̀ bí ìkúùkù, omi rẹ̀ sì ti ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò.

Ohun tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ sójú pátákó nìyẹn, pé ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà, kí ẹ fi gbogbo èyí tó kù sílẹ̀ bákan náà, kí ẹ wá wò ó. Mi ò fi dán nǹkan kan wò rí nílé ara mi. Obìnrin tí ìwé mẹ́fà ló kà ló ṣe é fún mi lórí tábìlì tí mo ti ń jẹun. Mo yíjú sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ike álọ́ọ̀mù mi wà. Ó ti rí i láti ìgbà tó wọlé, kò kàn sọ ni.

"Wọn ò ní gbà mí gbọ́ nísàlẹ̀, mà," ó wí. "Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbà gbọ́."

Mo ní mo gbọ́, pé màá bá wọn sọ ọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń sọ pé orúnkún ń dùn mí. Èmi tí mo ti fi Richard ṣẹ̀sín láàárọ̀ àti lálẹ́, èmi tí mo pe Fisáyọ̀ ní dókítà ẹnu lásán, mo jókòó sórí àga mi, mò ń rò ó bí wọ́n ṣe máa wò mí bí mo bá wí i. Nínú ọjọ́ méjì náà, ẹni kẹta nínú àwọn oníbàárà Zulaihat ní kó má wá mọ́. Èyí tó lọ yìí, mi ò lè dì í ru Richard. Ọwọ́ mi ló wà.

Ní Sátidé, mo sọ̀kalẹ̀. Richard ti ká ọwọ́ gbera, ó ń dúró de Zulaihat láti lé e. Zulaihat dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Richard, èmi ni mò ń da álọ́ọ̀mù sínú táǹkì. Òun ló ń pa iyùn rẹ. Zulaihat ti dán an wò níṣojú mi."

Ẹ ò bá rí ojú ọmọkùnrin yìí, bó ṣe tú ká. Ó rẹ́rìn-ín. "Áà, Mọ́mì, torí ìyẹn lẹ ṣe ń da ara yín láàmú? Kò sí wàhálà rárá, mà. Ṣebí ire ilé lẹ̀ ń wá." Ó fa àga fún mi, ó ní kí Hope gbé mọ́ọ̀tì tútù wá. Ohun tó tìtorí rẹ̀ fi àwòrán Zulaihat han ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó ti dárí rẹ̀ jì mí kí n tó jókòó tán. Onílé ẹni kì í jẹ̀bi. Mo sì jókòó o. Mo gba ìdáríjì náà, mo mu mọ́ọ̀tì rẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi lọ́fun.

Zulaihat ṣì wà lórí ìdúró.

"Ọ̀gá," ó wí, "ibi tẹ́ ẹ kọ orúkọ mi sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi kọ́."

"A máa wò ó."

"Ẹ bá mi kọ ọ́ báyìí, sà."

Richard wò mí, mi ò gba ojú fún un. Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó wá kà á sókè fún wa: "A dúpẹ́, a ti rí ìṣòro náà. Omi ni. Ẹ ṣeun fún ìfẹ́ yín." Kò sí Zulaihat níbẹ̀, kò sí kẹ́ẹ̀gì, kò sí ẹ̀yìn tó ń dunni. Ìwà ọ̀lẹ ni mo rí lára rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó wá yé mi pé ojo ló tún jẹ́.

"Fi orúkọ sí i," mo wí. "Tèmi àti tìrẹ."

"Mọ́mì, kò bójú mu kí orúkọ àgbàlagbà máa..."

Mo na ọwọ́, mo gba fóònù náà. Kò lè bá onílé jà du fóònù. Mo tẹ ibi tí àwọn ọmọ-ọmọ mi kọ́ mi láti máa tẹ̀, mo sì fi ohùn mi sọ̀rọ̀ sínú gúrúùpù. Mo ní orúkọ mi ni Cecilia Ṣódípẹ̀, èmi ni mo ni ilé tí Richard Ọláoyè ń gbé. Mo ní álọ́ọ̀mù tí mo dà sínú omi láìwọ̀n ọ́n ló ń pa iyùn, pé Richard ló sì ń bu omi náà sí i, nígbà tí Zulaihat ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní Zulaihat ò jẹ̀bi nǹkan kan, pé òun nìkan nínú gbogbo wa ló rí àrùn náà, kí ẹni tó ti lé e pè é padà. Richard ń wo fáànù òkè bí ẹni tí wọ́n ní kó kà á.

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kíákíá. Zulaihat ti kúnlẹ̀ sídìí àpótí nígbà yẹn, ó ń fa omi àtijọ́ jáde sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Mo wọ awò ojú mi, mò ń kà. Ọlọ́run á bùkún yín, Mọ́mì. Irú ìyá báyìí ṣọ̀wọ́n láyé òde òní. Ẹlòmíràn fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́, wọ́n pọ̀ tí mi ò lè kà wọ́n tán. Fisáyọ̀ kọ ọ́ pé omi lòun fura sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí omi nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìpàdé. Mo fà á wálẹ̀, mo fà á sókè, mo tún fà á wálẹ̀, mò ń wá orúkọ Zulaihat. Ẹnì kan ò dárúkọ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó lé e wà níbẹ̀, méjì nínú wọn ti fi àdúrà ránṣẹ́ sí mi.

Mo gbé fóònù náà fún un. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí etí híjáàbù, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rọra tún un kà.

"Wọ́n mà fẹ́ràn yín gan-an o, mà," ó wí. Ó dá fóònù padà fún mi, ó sì ki ọwọ́ rẹ̀ bọ omi.